Àgbàlá Kékeré, Òdòdó Púpọ̀: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Onílé Ọmọ́lé àti Agbègbè Rẹ̀

Kò sí àgbẹ̀ tí ó gbọ́n tí í fi ilẹ̀ oko rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò. Kí ó tó kórè àgbàdo tán, ó ti ronú ẹ̀gẹ́ tí yóò dúró dípò rẹ̀. Bí iṣu bá ti ta ewé, ó ti fi ẹ̀gúsí tàbí elégédé bo ìsàlẹ̀ ebè. Ó mọ̀ pé oòrùn a máa sun ilẹ̀ tí kò ní aṣọ, òjò a sì máa gbá ọ̀rá rẹ̀ lọ. Ìyàlẹ́nu ni ó jẹ́, nígbà náà, pé bí ọmọ irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá di onílé ní Ọmọ́lé tàbí ní Ògbà, ohun àkọ́kọ́ tí ó ń ṣe sí ilẹ̀ tí ó yí ilé rẹ̀ ká ni kí ó da kọnkéré bò ó láti ẹnu géètì títí dé ìdí ògiri, kí ó sì pe èyí ní ìmọ́tótó.

Ohun méjì ni ó yẹ kí àwọn onílé agbègbè yìí fi ọkàn sí. Èkíní ni pé kò sí àgbàlá tí ó kéré jù láti gba ewé àti òdòdó lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì tọ́ kí olúkúlùkù fi apá kan nínú ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìbò fún wọn. Èkejì ni pé ohun tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ìlú yìí fẹ́ ni ó yẹ ní gbígbìn, kì í ṣe ohun tí ènìyàn rí nínú àwòrán ilẹ̀ òtútù. Ẹni tí ó bá gba èkíní tí ó kọ èkejì yóò ná owó rẹ̀ dànù. Ẹni tí ó bá kọ méjèèjì yóò fi ilé aláwọ̀ eérú lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

ILẸ̀ TÍ Ó MỌ Ọ̀GBÌN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ Ìkẹjà àti Agége kò dára fún ohun ọ̀gbìn nítorí pé ilé iṣẹ́ àti ọ̀nà ọkọ̀ ni ó kún ibẹ̀ lónìí. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjàn, nítòsí Agége. Ní 1887, ní àkókò Gómìnà Alfred Moloney, a dá ọgbà ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta, níbi tí a ti ń dán irúgbìn wò tí a sì ń pín in fún àwọn àgbẹ̀. Jacob Kehinde Coker ti Ìfakọ̀, ẹni tí ó jẹ́ àgbẹ̀ pàtàkì tí ó sì jẹ́ aṣáájú nínú ìjọ, wà lára àwọn òpó Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége tí a dá sílẹ̀ ní 1907. Àwọn òṣìṣẹ́ wá láti ìlú òkè láti ṣiṣẹ́ nínú oko wọ̀nyí, nígbà tí wọ́n sì ń padà sílé, wọ́n gbé irúgbìn kòkó àti ìmọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Agége ṣe di ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Ilé iṣẹ́ dé lẹ́yìn náà, Ìkẹjà sì di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1976, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa tí ó wà lábẹ́ ilé kò yí padà.

Ẹ̀kọ́ wà nínú bí àwọn àgbẹ̀ náà ti ń gbin kòkó. Kòkó tí ó kéré kò fẹ́ oòrùn líle. Nítorí náà ni àgbẹ̀ ṣe ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ṣe ibòji fún un. Igi gíga wà lókè, kòkó wà láàárín, ewé kókò gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ wà nísàlẹ̀, ewé gbígbẹ sì tẹ́ sórí ilẹ̀ bí ẹní. Àwọn tí ó ń fi owó ńlá pe amọ̀ṣẹ́ ọgbà láti Victoria Island kí ó wá fi ewé kún àgbàlá wọn ń ra ohun tí bàbá wọn àgbà mọ̀ láìkàwé. Ìgbìn ní ìpele mẹ́ta náà ni. Bí a bá gé oko kòkó kù tí a mú un wá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé, ọgbà tí ó kún fọ́fọ́ ni yóò jẹ́.

KỌNKÉRÉ ÀTI ÀGBÀRÁ

Kí ẹni tí ó mọ ìṣirò yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Bí òjò tí ó jìn tó mílímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà kan tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan, omi rẹ̀ jẹ́ lítà kan gééré. Bí àgbàlá kan bá tó irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́nà 200, tí olúwa rẹ̀ sì fi kọnkéré bo gbogbo rẹ̀, òjò 50 mílímítà, èyí tí kì í ṣe àjèjì ní Èkó ní oṣù Kẹfà, yóò da 10,000 lítà omi sórí rẹ̀. Èyí tó àgbá onílítà 200 lọ́nà 50. Omi náà kò ní ibi tí yóò wọ̀. Yóò gba abẹ́ géètì jáde, yóò bá omi aládùúgbò pàdé ní ojú ọ̀nà, gọ́tà yóò kún, ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ni yóò sì fi àgé bu omi jáde nínú pálọ̀ rẹ̀ lóru.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, 2011, òjò ńlá kan rọ̀ ní Èkó tí ó sọ ojú ọ̀nà di odò tí ó sì gba ẹ̀mí ènìyàn. Òtítọ́ ni pé ọgbà òdòdó kì bá tí dá irú òjò bẹ́ẹ̀ dúró. Gọ́tà tí a fi ìdọ̀tí dí, ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi, àti ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀, gbogbo wọn ni ó lọ́wọ́ sí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò tí ó máa ń wá lójoojúmọ́ pọ̀ ju òjò ńlá lọ, àwọn òjò kéékèèké wọ̀nyí ni ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ láìbò lè mu. Gbòǹgbò a máa la ọ̀nà fún omi, ekòló a máa gbẹ́ ilẹ̀, ewé gbígbẹ a sì máa dá àgbàrá dúró díẹ̀ kí ilẹ̀ tó gbà á. Àwọn àgbà a máa wí pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní ayé òde òní, onílé fúnra rẹ̀ ni ó ń la ọ̀nà fún àgbàrá, ó sì ń san owó fún bíríkìlà kí ó bá a là á dáadáa.

Ooru ńkọ́? Kọnkéré a máa mu oòrùn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a sì máa pọ̀ ọ́ jáde ní òru, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ṣí fèrèsé fún atẹ́gùn yóò gba ooru sílé dípò rẹ̀. Ewé kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tí gbòǹgbò fà sókè a máa jáde láti ara ewé bí èémí, ó sì ń tu afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lára. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó jókòó lábẹ́ igi ọdán fi ń sùn lọ, nígbà tí ẹni tí ó wà lábẹ́ páànù ń fi abẹ̀bẹ̀ ja oòrùn níyà.

ÒDÒDÓ ILẸ̀ ÒTÚTÙ

Wàyí o, ó kan òdòdó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti rí, lórí fóònù wọn, àwòrán ọgbà Keukenhof ní ìlú Lisse, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì. A ṣí ọgbà náà sílẹ̀ fún àwọn olùwòran ní 1950, nǹkan bí mílíọ̀nù 7 ẹ̀bù òdòdó ni a sì ń rì sínú ilẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n lè tàn nígbà ìrúwé: tulip, daffodil àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ní pupa, ní funfun, ní àwọ̀ òféèfèé, bí ẹni tẹ́ aṣọ òkè sílẹ̀ lọ rẹrẹ. Ẹwà náà kò ṣe é kọ̀. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń ná owó láti ra ẹ̀bù tulip tí a kó wá láti òkè òkun, tí wọ́n sì ń rì í sínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà ní Ọmọ́lé, tí wọ́n ń bomi rin ín láràárọ̀, tí wọ́n sì ń retí.

Ohun tí wọ́n ń retí kò ní í dé, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́ wọn. Ẹ̀bù òdòdó wọ̀nyí dàbí àlùbọ́sà: oúnjẹ ni ó wà nínú ìpele ara wọn, òdòdó ọdún tí ń bọ̀ sì ti wà ní ọkàn wọn ní kékeré. Ṣùgbọ́n tulip gbọ́dọ̀ sùn nínú òtútù kí ó tó lè jí. Ó ń fẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 nínú òtútù bí ti inú fíríìjì, kí ọ̀pá òdòdó rẹ̀ tó lè na ọrùn. Òru tí ó tutù jù lọ ní Ìkẹjà, nígbà tí ọyẹ́ bá mú, kì í sún mọ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn kan a máa fi ẹ̀bù náà sínú fíríìjì fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n lè tan án jẹ. Bí iná mànàmáná bá dúró fún oṣù mẹ́ta náà, ó lè yọ òdòdó. Ṣùgbọ́n ooru yóò mú un rọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀bù náà yóò sì di ohun àtidànù. Òdòdó ọjọ́ mélòó kan kò tó iye rẹ̀.

Tulip pàápàá kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Láti àwọn òkè àárín gbùngbùn Áṣíà ni ó ti wá. Àwọn ará Tọ́kì sọ ọ́ di òdòdó ọlọ́lá nínú ọgbà wọn. Ní àwọn ọdún tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni ọ̀mọ̀wé Carolus Clusius sì gbìn ín sínú ọgbà Yunifásítì Leiden. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ àwọn ènìyàn lára débi pé wọ́n sọ ẹ̀bù rẹ̀ di ohun òwò tí iye rẹ̀ ń ga kọjá òye, títí ọjà náà fi dojú dé ní oṣù Kejì, 1637. Àlejò ni tulip jẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbilẹ̀, nítorí pé òtútù ibẹ̀ jọ òtútù ibi tí a ti bí i.

Èyí ni kókó ọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé àlejò kò dára. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo tí ó ń bọ́ ilẹ̀ Yorùbá, àlejò láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni kòkó tí ó kọ́ ilé alárà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí onílé bi ara rẹ̀ kì í ṣe ibi tí òdòdó ti wá, bí kò ṣe bóyá ojú ọ̀run ìlú yìí bá a lára mu.

ÌGBÀ ÌRÚWÉ ILẸ̀ YÌÍ

Ilẹ̀ yìí ní ìgbà ìrúwé tirẹ̀. Kì í ṣe òtútù ni ó ń ṣáájú rẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀rùn. Kì í ṣe oòrùn ni ó ń jí i bí kò ṣe òjò. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ ní oṣù Kẹta, tí òórùn ilẹ̀ gbígbẹ gba afẹ́fẹ́ kan, ohun púpọ̀ tí ó ti sùn sábẹ́ ilẹ̀ a máa jí lẹ́ẹ̀kan náà.

Òdòdó kan wà tí ó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Scadoxus multiflorus. Nígbà ẹ̀rùn, kò sí ohun tí ó fi ibi tí ó sùn sí hàn. Bí òjò bá ti kan ilẹ̀, ọ̀pá kan ṣoṣo yóò yọ, orí rẹ̀ yóò sì là sí òdòdó pupa kéékèèké tí ó lè tó 200, tí gbogbo wọn para pọ̀ rí roboto bí ìtí iná. Bí ó bá bọ́ sí etí oko, ọkọ́ ni a fi ń tú u dànù bí èpò. Onílé tí ó ń wá tulip kiri tí ó sì ń ju èyí sí ààtàn kò yàtọ̀ sí adìẹ funfun tí kò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Kì í ṣe òun nìkan. Lílì etí odò wà, tí à ń pè ní Crinum, òdòdó funfun ńlá tí ó ń tàn lálẹ́ tí ó sì ń ta sánsán. Ó fẹ́ ilẹ̀ tútù àti ibòji, ó sì dára fún ibi tí omi ìwẹ̀ ti ń kọjá. Lílì òjò wà, èyí tí ó kéré, tí ewé rẹ̀ rí bí ti koríko; ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn òjò ni ó ń yọ òdòdó funfun tàbí olómi osùn ní agbo, lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún. Lílì pupa wà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hippeastrum, tí ẹnu òdòdó rẹ̀ gbòòrò bí fèrè. Ìdò wà pẹ̀lú, tí èso rẹ̀ dúdú tí ó sì le bí ọta. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré, òdòdó rẹ̀ sì ń tàn ní pupa àti ní òféèfèé láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí di ìparí rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀bù tí ilẹ̀ Ọmọ́lé lè gbà. Púpọ̀ nínú wọn sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, ní iye tí ẹ̀bù tulip kan kò ní í gbà. Ẹni tí ó bá rà wọ́n lẹ́ẹ̀kan kò ní í rà wọ́n mọ́, nítorí pé wọ́n ń bímọ lábẹ́ ilẹ̀ lọ́dọọdún.

BÍ A TI Í TÒ WỌ́N

Ọ̀pọ̀ ọgbà kékeré kò ní ẹwà nítorí pé olúwa wọn gbin ohun kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan káàkiri, bí ẹni to ọjà sórí àtẹ. Ìlànà mélòó kan yóò ran onílé lọ́wọ́.

Èkíní: kí ebè òdòdó kan ṣoṣo tí ó fẹ̀ wà, dípò mẹ́ta tí ó tínrín. Ebè tí ó fẹ̀ ní mítà kan ààbọ̀ sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yóò gba ìpele mẹ́ta; èyí tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan kò ní í gba ju ìlà kan lọ.

Èkejì: kí àwọn gíga wà lẹ́yìn, àwọn àárín wà láàárín, àwọn kúkúrú wà níwájú. Pèrègún dára lẹ́yìn, nítorí pé kò fẹ́ àyè púpọ̀, ewé rẹ̀ sì ń tutù ní ẹ̀rùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan tàbí ìbẹ́pẹ yóò fún un ní ibòji, yóò sì bọ́ ilé. Láàárín, ìdò, atalẹ̀, tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún àti kókò yóò kún àyè náà fọ́fọ́. Níwájú, kí lílì òjò, òdúndún àti rínrín bo ilẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè: gíga àti kúkúrú ni ó ń ṣe ọgbà.

Ẹ̀kẹta: kí a gbin ẹ̀bù irú kan náà ní agbo, méje tàbí mẹ́sàn-án pọ̀, kì í ṣe ọ̀kan níhìn-ín ọ̀kan lọ́hùn-ún. Lílì òjò kan kò ju koríko lọ. 20 nínú wọn bí wọ́n bá tàn pọ̀ yóò dá ẹni tí ń kọjá lọ́nà dúró.

Ẹ̀kẹrin: kí ebè ga díẹ̀ ju ilẹ̀ tí ó yí i ká lọ, kí a sì po iyanrìn àti ewé jíjẹrà mọ́ ọn, nítorí omi tí ó dúró ni ó ń pa ẹ̀bù jù lọ. Lílì etí odò nìkan ni ó ń fẹ́ ilẹ̀ rírin. A kì í rì ẹ̀bù lílì pupa bọ inú ilẹ̀ tán. Kí ọrùn rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ hàn lókè. Lílì òjò ń fẹ́ nǹkan bí ínṣì méjì sísàlẹ̀. Ìdò ń fẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ẹ̀karùn-ún: kí a má ṣe gbin igi ńlá sí ìdí ògiri tàbí ẹ̀bá ṣálángá, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ yóò wá omi dé ibi tí a kò rán an. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

ÀWÍJÀRE ÀTI ÌDÁHÙN

Àwọn tí kò fẹ́ ewé nílé ní ìdí, ìdí wọn kò sì ṣe é fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ewé ń kó ẹ̀fọn wá. Òtítọ́ ni pé ẹ̀fọn a máa sinmi lábẹ́ ewé lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ewé kọ́ ni ó ń bí i, omi ni. Nínú ooru ilẹ̀ yìí, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tí ń fò láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Nítorí náà, kí onílé yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ó sì máa da omi inú àwo abẹ́ ìkòkò òdòdó nù, pẹ̀lú ti agolo, táyà àti ike tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó ti gé gbogbo ewé rẹ̀ tí ó sì ní táyà olómi lẹ́yìn ilé kò tíì lé ẹ̀fọn lọ.

Wọ́n ní ewé ń kó ejò wá. Ejò ń tẹ̀lé eku, eku sì ń tẹ̀lé ààtàn, òkìtì búlọ́ọ̀kù àti pákó tí a tò tì. Kí a fi àyè ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ láàárín ebè àti ògiri ilé, kí a máa gbá a mọ́, kí a sì gé ewé tí ó wólẹ̀.

Wọ́n ní kò sí àyè, ọkọ̀ ni ó gba gbogbo rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ipa táyà méjì nìkan ni ó nílò kọnkéré. Àárín wọn lè jẹ́ koríko. Ẹni tí ó ti fi òkúta íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ilẹ̀ lè hú ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ rárá, tí ó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lè gbin lílì pupa sínú ìkòkò tí a lu ìdí rẹ̀.

Ohun kan kù tí kò gbọdọ̀ ṣe é gbàgbé, ọ̀rọ̀ ìlera sì ni. Ẹ̀bù òdòdó kì í ṣe oúnjẹ, bí ó tilẹ̀ jọ àlùbọ́sà. Ẹ̀bù àwọn lílì wọ̀nyí a máa mú ni bì. Kókò aláràbarà tí a ń gbìn fún ẹwà a máa ta ni lẹ́nu àti lọ́fun. Ewu tí ó pọ̀ jù wà lára òdòdó kan tí ń fà lórí igi, tí ìtànná rẹ̀ pupa tí ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ahọ́n iná, tí à ń pè ní Gloriosa: iṣu ìdí rẹ̀ lè pa ènìyàn. Ilé tí ọmọ kékeré bá wà kò gbọdọ̀ gbìn ín. Kí a má ṣe tọ́jú ẹ̀bù kankan sí ilé ìdáná, kí ìyàwó ilé má baà gé e sínú ọbẹ̀ ní òkùnkùn.

IṢẸ́ OṢÙ NÍ OṢÙ

Oṣù Kìíní àti Kejì: kí a tú ilẹ̀, kí a po ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti pẹ́ mọ́ ọn. Oṣù Kẹta àti Kẹrin: lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, kí a rì ẹ̀bù. Oṣù Karùn-ún sí Keje: kí a ro ilẹ̀, kí a sì ṣí ọ̀nà omi. Oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀: kí a pín ìdò àti lílì tí ó ti fún pọ̀, kí a sì fún aládùúgbò ní tirẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá: kí a gbin pèrègún kí àrọ̀kúrò lè mú un lẹ́sẹ̀ dúró. Oṣù Kọkànlá àti Kejìlá: kí a fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀, àwọn ẹ̀bù tí ewé wọn ti kú, kí a má bomi rin wọ́n mọ́, kí a ri ọ̀pá kékeré sí ibi tí wọ́n wà kí ọkọ́ má baà gé wọn. Wọn kò kú, wọ́n sùn ni.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn ní 2008, nígbà tí Babatunde Fashola jẹ́ gómìnà. Ní 2011 ni a fi òfin dá àjọ tí ń bójú tó ọgbà àti igi ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ìjọba kò lè wọ inú géètì onílé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ti ìjọba. Àgbàlá ni ti olúkúlùkù, àgbàlá ẹgbẹ̀rún ilé sì fẹ̀ ju ọgbà ìjọba kan lọ.

Ọmọ tí a tọ́ sórí kọnkéré kò ní í mọ ewé òdúndún yàtọ̀ sí rínrín. Kò ní í mọ̀ pé ohun kan wà tí ó ń sùn sábẹ́ ilẹ̀ ní oṣù mẹ́rin tí ó sì ń jí pẹ̀lú òjò. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ̀ bá hú ìlà òkúta mẹ́rin kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí oṣù Kẹta tó dé, tí ó sì rì ẹ̀bù mẹ́sàn-án sí i, ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ sáré wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò láti wí fún gbogbo ilé pé ó ti yọ.